Odò Abẹ́ Títì Wa

Lórí fóònù ni mo ti rí àwọn òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ ojú omi wọ inú ihò àpáta, níbi tí odò ti ń ṣàn nínú òkùnkùn lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n sanwó, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi kí wọn. Ọ̀fẹ́ ni tiwa nítòsí Dopemu: kánààlì tó gba abẹ́ títì kọjá lẹ́yìn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike.

Láti òjò èṣí ni omi kánààlì náà ti ń ya wọ yàrá ìyá mi nísàlẹ̀ ilé. Wọ́n ní bí omi bá tún fi lè ká àwọn mọ́ yàrá yẹn, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ń padà sí. Ó dùn mí, nítorí ẹ̀bẹ̀ ni mo fi mú wọn wá bá mi gbé. Mo bá ń pariwo ní ìpàdé onílé pé àwọn ọ̀bùn àdúgbò ló dí ihò náà. Ariwo mi pọ̀ débi pé alága ní kí n bá àwọn wọkọ̀ lọ wò ó.

Òórùn ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Alága, bàbá arúgbó tó wọ bàtà òjò, ń tan tọ́ọ̀ṣì. Atukọ̀ tí a háyà ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Mo ń ṣàlàyé fún wọn bí àwọn ará ibí ṣe máa ń dúró de òjò kí wọ́n tó da ìdọ̀tí sí kánààlì, bí ẹni pé òkè òkun ni omi ń gbé e lọ. Èpè ló kù tí mi ò tíì ṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ wa kọlu nǹkan.

Fóòmù ni. Ó há sáàárín ihò, ọ̀rá àti ike dì mọ́ ọn. Atukọ̀ fi ọ̀pá ha ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, ni mo bá rí àdìrẹ tí wọ́n fọwọ́ rán bò ó. Mo mọ ẹni tó rán an. Mo sì mọ ẹni tó dúró de òjò kó tó gbé e jù sómi, tó wá sọ nílé pé òun ti gbé e fún àwọn tó ń tún fóòmù ṣe.

"Ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́," alága ní. "Ṣé kò sí o?"

Nígbà tí a wọ́ ọ dé ẹ̀yìn ilé wa, òjò ti ń ṣú, ìyá mi sì ti gbé báàgì wọn síta.

"Fóòmù mi kọ́ nìyí?" ìyá mi bèèrè.

Gbogbo ojú yí sí mi. Ojú tì mí gan-an; ká ní wọ́n gbà fún mi ni, inú ihò yẹn ni ǹ bá padà sí. Màmá wo fóòmù, wọ́n wò mí, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n ń padà sí yàrá.

"Mi ò lọ mọ́," wọ́n ní. "Ó yẹ kẹ́nì kan máa ṣọ́ ẹ tí òjò bá ti ń ṣú."