Ìpara Kùtọnù

Obìnrin kan jókòó tì mí nínú mọ́tò Ìlaròó láìpẹ́ yìí, òórùn ìpara tó fi pa ọrùn sì gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìpókíà.

Ìjọba ti ti bọ́dà pa nígbà náà. Ìpara kan ṣoṣo ló kù nínú èyí tí màmá mi rà ní Kùtọnù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n sì fi í pamọ́ fún, torí irorẹ́ ti sọ bo iwájú orí rẹ̀. Lójoojúmọ́ tá a bá ti iléèwé dé, wọ́n á gbé orí rẹ̀ lé itan, wọ́n á máa fi ìpara náà ra á lójú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọ tuntun.

"Má jẹ ẹ̀pà o. Ẹ̀pà ló ń fa irorẹ́."

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ máa bó ẹ̀pà lẹ́yìnkùlé. Owú ta mí bí ata tó bọ́ síni lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jí ìpara náà, mo rì í mọ́ inú àpò ẹ̀pà. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí.

"Bọ́dà ti tì," màmá mi ní. "Níbo la ti fẹ́ rí òmíràn?"

Èmi ń dá fi í ra ojú mi. Nígbà tó ṣe, ojú ẹ̀gbọ́n mi jọ̀lọ̀, irorẹ́ sì sọ sójú tèmi. Mo ti di ìyá ọmọ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rá inú ìpara yẹn gan-an ló ń dí ihò ara.

Lọ́jọ́ tí màmá mi rí irorẹ́ náà lójú mi, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú mi mú, bí mo ṣe ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí.

"Ìwọ lo ń jẹ ẹ̀pà mi," wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń wò. "Wo ojú ẹ̀gbọ́n ẹ bó ṣe ń dán. Òun gbọ́ràn."