Ọkọ Tí Mo Fi Ẹ̀yìn Pọ̀n

Nínú ìwé tí wọ́n pín níbi ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún ọ̀gá mi àtijọ́, mo rí ìròyìn kan tó pè ní tirẹ̀. Èmi ni mo sá eré ìròyìn yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó kú.

Nígbà náà, ogun abẹ́lé ti parí láti bí ọdún mélòó kan. Mo wà ní yunifásítì, wọ́n sì ní kí n fi ọlidé kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn Yorùbá kan ní Yábàá. Inú mi dùn débi pé n kì í dúró jẹun láàárọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á máa dún nísàlẹ̀, pákó òkè á máa gbọ̀n lẹ́sẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀gá oníròyìn tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ kò mọ̀ ju “Ìyàwó wa, po tíì wá” lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti Ìjọra dé. Ọkọ̀ akẹ́rù ti já wọ ilé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀. Ó ju ìwé rẹ̀ sí mi.

“Bá mi táìpù ẹ̀ kíá. Aago mẹ́rin la ń tẹ̀ ẹ́.”

Ó kọ ọ́ pé ọkọ̀ náà pa ọkùnrin kan, pé ìyàwó rẹ̀, ìyá aláta kan ní Múṣin, ti di opó. Ṣùgbọ́n ó fa ìlà pa igbe tí obìnrin náà ké níbi ìjàǹbá náà: “Wọ́n ti pa ọkọ mi o! Ọkọ mi tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n!”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ wo lèèyàn ń pọ̀n?”

“Ẹkún ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí o ò tíì délé ọkọ! Táìpù jàre.”

N kò tíì délé ọkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ń pe àbúrò bàbá mi ní ọkọ mi, òun ló sì wẹ̀ ẹ́ dàgbà. Aago méjì ààbọ̀ ti lù. Mo ka àdírẹ́sì ilé obìnrin náà nínú ìwé ọ̀gá, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo bọ́ sílẹ̀ ní Múṣin, mo bẹ́ sí eré.

Ọkùnrin kan ń di aṣọ sínú àpò lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ṣé ibí nilé ìyá aláta tí ọkọ ẹ̀ kú?”

Ó dúró. “Èmi lọkọ ẹ̀. Èmi ni mo kú?”

Ẹ̀rín pa àwa méjèèjì, mo jókòó sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni ọkọ̀ kọlù. Ẹsẹ̀ ló kán, kò kú, ìyá aláta sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọsibítù. Mo sọ ohun tí a fẹ́ tẹ̀ jáde fún un. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Wọ́n máa ń ka ìwé ìròyìn yín sí ìyá mi létí l'Ógbómọ̀ṣọ́. Tó bá gbọ́ pé mo kú, òun náà á kú. Ọmọ mi, sáré!”

Mo sáré! Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé, òógùn bò mí. Mo kọjá lára ọ̀gá mi, ọ̀dọ̀ olóòtú ni mo lọ tààrà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó sì ké sísàlẹ̀: “Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ o!” Ayọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá kò tó ti ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, orúkọ ọ̀gá mi ló wà lórí ìròyìn tí a tún ṣe náà. Ohun tó kọ sí yunifásítì nípa mi ni pé: “Ó gbọ́ràn, ó sì mọ tíì í pò.” Kó máa mú orúkọ lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo, “Ọkọ wo?”, ni mo mú kúrò níbẹ̀, òun ni mo sì fi ṣiṣẹ́ ìròyìn títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Níbi ọjọ́ ìbí náà, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Ọ̀gá, ta ló sáré lọ sí Múṣin?”

Ó fọwọ́ kan etí. Ó ní òun kò gbọ́ràn mọ́.