Ẹ̀tọ́ Ìbò Ìyá Mi

Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé ní Kàbà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tojú sú mi lọ́sẹ̀ kan: ẹ̀tọ́ ìbò.

Òfin ẹgbẹ́ ìdílé wa ló wí pé gbogbo ẹni tó bá ti dàgbà nínú ẹgbẹ́ ló ní ẹ̀tọ́ ìbò. Ìyá mi, tí bàbá mi gbé níyàwó láti Iffe, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa, wá fẹ́ ṣe olórí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ omi agbolé. Òun kúkú ló ń pọn omi níbẹ̀ láràárọ̀. Àwọn ọkùnrin tó ti ń ṣe olórí bọ̀, mo fẹ́ mọ ẹni tó rí garawa lórí wọn rí. Àmọ́ wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìbò ni pé kí ìyàwó ilé dìbò, kì í ṣe pé kí wọ́n dìbò fún un.

Ìyá mi bi mí pé èwo ni òótọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Mo rò ó títí, ó tún wá le sí i. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ oúnjẹ, gbígbà ló ń gbà á. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀, sísọ ló ń sọ ọ́. Ìbò ńkọ́, ṣé fífún ni àbí gbígbà? Bí mo bá dá a síhìn-ín, á yí sọ́hùn-ún. Inú bí mi sí èdè tí mò ń jẹun lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, alága ẹgbẹ́, àbúrò bàbá mi, kí wa bí a ti ń kíra wa nílẹ̀ wa pé, "Okun o," ó sì kọjú sí mi. "Tíṣà, ìwọ lo mọ Yorùbá. Èwo ni ká mú?"

Ìyá mi ń wò mí. Ó wù mí kí n gbè é, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ gan-an ò yé mi.

"Ó lè jẹ́ méjèèjì," ni mo wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ìwé ti dàrú mọ́ tíṣà lórí. Ojú tì mí gan-an.

Ìyá mi bá kúnlẹ̀. Ó ju alága lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n ìyàwó ni alága ṣì ń pè é, ìyá mi náà sì ń pe alága ní ọkọ.

"Ọkọ mi," ó ní, "bó bá jẹ́ méjèèjì, ọ̀kan ni mo ti ń lò látìgbà tí mo ti wọlé yín. Ẹ fún mi ní èkejì."