Julianah àti Àwọn Ọmọ Jánúárì

Bí ẹ bá ń wá ìjà Julianah Oyèṣọlá, ẹ kí i kú ọjọ́ìbí lọ́jọ́ ọdún tuntun. Ilé-iṣẹ́ fóònù a kí i, báǹkì a kí i, àwọn ará ìjọ a fi àwòrán kéèkì àti òdòdó ránṣẹ́ sí i lórí Wáàsáàpù. Julianah a máa pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì máa bú ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ bí ẹni pé onítọ̀hún dúró síwájú òun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Iléṣà, tí pásítọ̀ bá ní kí àwọn ọlọ́jọ́ìbí ọjọ́ kìíní Jánúárì jáde wá gbàdúrà, ìdajì àwọn àgbààgbà ìjọ ni yóò dìde, wọn a tò dé ẹnu ọ̀nà. Àfi Julianah. Á jókòó, á káwọ́ mọ́ àyà, á máa wo òrùlé. "Ta ló bí gbogbo èèyàn yìí lọ́jọ́ kan ṣoṣo?" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń bi Ìléríolúwa ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sílẹ̀.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ sì mọ ọjọ́ náà bí ẹní mowó. Ọjọ́ tí Barnabas, bàbá rẹ̀, gbé kòkó àkọ́kọ́ ọdún náà lọ sórí òṣùwọ̀n ni, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ tó ilé-ìwé lọ, tó na ọwọ́ kọjá àtàrí tí ìka rẹ̀ kan etí kejì, ọ̀gá ilé-ìwé kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ó kọ ọjọ́ kìíní Jánúárì síwájú orúkọ rẹ̀, bó ṣe kọ ọ́ síwájú orúkọ gbogbo ọmọ mẹ́tàlélógójì tó wà lórí ìlà. Ìyá Julianah gbọ́, ó wé gèlè, ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé. Ó ṣàlàyé kòkó, ó ṣàlàyé ìkórè. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí obìnrin tí kò mọ̀wé má wá kọ́ òun ní kàlẹ́ńdà. Ìyá náà sunkún títí dé ilé. Julianah ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà péré, inú tó sì bí i lójú ọ̀nà ọjọ́ náà kò tíì rọ̀.

Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tó ríṣẹ́ sí yàrá ìwé ilé ìgbẹ̀bí kan ní Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀, ìjà ló sọ iṣẹ́ náà dà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Ìyá tó bímọ sílé, tó wá gbàwé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò gbọdọ̀ sọ pé òun ò mọ ọjọ́. Julianah a fi í jókòó. Ṣé wọ́n ti ń sun àgbàdo nígbà yẹn? Òjò ni àbí ọyẹ́? Ó ku ọjọ́ mélòó sí ọjọ́ ọjà? Ta ló kọ́kọ́ wẹ ọmọ náà? Á máa bi í lọ títí ọjọ́ yóò fi jáde, bí ìyá ọmọ ń fẹ́, bí kò fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ ọdún ju ẹni tó tẹ kàlẹ́ńdà lọ. Ó mọ̀ pé òpin oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà ni ibùsùn kì í tó, tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sọ́dẹ̀dẹ̀ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ẹ ka oṣù mẹ́sàn-án padà sẹ́yìn, ẹ ó bá ara yín ní Kérésìmesì, nígbà tí gbogbo ọkọ tó wà l'Ékòó àti n'Íbàdàn wálé. Ẹ̀yin náà kì í ṣọmọdé. Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin ló ń yọjú. Ọmọ mẹ́ta péré ni Julianah ti kọ sí i láti ìgbà tó ti débẹ̀. Ọjọ́ kìíní Jánúárì ńkọ́? Lọ́dún mìíràn, ọmọ kan. Lọ́dún mìíràn, kò sí rárá. "Àwọn tí ìyá wọn bí lọ́jọ́ yẹn ò kún ọkọ̀ kan," ló máa ń wí. "Àwọn tí tíṣà bí ló kún ìlú."

Lọ́jọ́ Ajé kan lọ́dún 2025, ìjọba rán ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Kàmál wá láti Òṣogbo pé kó kó àwọn ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí Julianah, ó sì jókòó ti iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó kan ìwé ọdún 2009. Òrùlé tó ń jò ti da omi sí ìwé náà. Orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá àti nọ́ńbà fóònù ṣì hàn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí sí ti di àbàwọ́n lásán lójú ewé mẹ́rin. Ọmọ méjìdínlógójì lọ̀rọ̀ kàn. Bí àwọn ìyá ṣe ń wá gbàwé ni wọ́n ń kọ wọ́n, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń bímọ, nítorí náà kò sí ewé tó lè gba ewé kejì sílẹ̀. Julianah wọlé pẹ̀lú àkàrà lọ́wọ́, ó yọjú wo kọ̀ǹpútà, ó rí ọjọ́ kìíní Jánúárì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àkàrà bọ́.

"Kàmál! Kí lò ń ṣe yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kọ̀ǹpútà ò gba àlàfo. Tí a ò bá mọ ọjọ́, Jánúárì là ń tẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa."

"Ta ló sọ pé a ò mọ ọjọ́? O bi ìyá wọn?"

"Màmá, èèyàn méjìdínlógójì mà ni."

"Ì báà jẹ́ ẹgbàá! Wọn ò já wọn lórí igi, èèyàn ló bí wọn! Àwọn ọmọ yìí ti ń lọ sí ọdún mẹ́rìndínlógún. Ohun tí o bá tẹ̀ síbẹ̀ ni wọn ó gbé lọ sídìí ìdánwò, ni wọn ó gbé lọ sídìí iṣẹ́, òun ni wọn ó kọ sórí sàréè wọn. Ìwọ á ti lọ jẹun l'Óṣogbo!"

Kàmál họ orí. Ó ní ọ̀sán Jímọ̀ lòun gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, àti pé tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, kóòtù nìkan ló lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Màmá bá rí kó tó dìgbà náà, òun á tẹ̀ ẹ́.

Láti ìṣẹ́jú yẹn, Julianah kò jókòó mọ́. Ó ń pe fóònù, ó ń gun ọ̀kadà, ó ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá kan ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ìyá ọkọ òun ni. Òmíràn ní ọjọ́ tí ìjì ká òrùlé ilé-ìwé lọ ni. Bàbá kan ní kí wọ́n fi Jánúárì náà sílẹ̀, pé ó rọrùn láti rántí. Julianah bú u títí ó fi lọ pe ìyàwó rẹ̀ wá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó ti rí mẹ́tàdínlógójì. Mọ́kànlá nínú wọn bọ́ sí ìparí Sẹ̀tẹ́ḿbà, kò sì yà á lẹ́nu. Ó wá ku ẹyọ kan, Bushrah, tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Nọ́síràtù. Wọ́n ti kó padà sí Òṣogbo, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Iwájú ilé ni Julianah ti bá Nọ́síràtù níbi tó ti ń rán fìlà. Ọmọ ti lọ sílé-ìwé. Nọ́síràtù kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un, ó bu omi wá.

"Ọjọ́ wo lẹ bí Bushrah?"

"Ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì ni, mà."

Ara Julianah gbóná. Gbogbo ìrìn ọjọ́ mẹ́ta bọ́ sí i lórí. "Irọ́! Ta ló kọ́ yín ní ìyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Ọjọ́ tí mo bí i ni. Àwọn onígbàgbọ́ ń kọrin nígbà tí mò ń rọbí."

"Wọn kì í kọrin lọ́jọ́ mìíràn? Ìgbà wo lẹ wá gbàwé?"

"Oṣù kẹwàá, mà. Bàbá rẹ̀ ò sí nílé, ló jẹ́ kí—"

"Ẹ bímọ ní Jánúárì, ẹ wá gbàwé ní oṣù kẹwàá! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún nìyí, ìyá Bushrah. Ẹ̀yìn ààwẹ̀ lẹ bí i, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Nọ́síràtù wo káàdì iṣẹ́ tó wà lọ́rùn Julianah, ó wo bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò gún un sínú aṣọ. "Ẹ kọ èyí tó bá wù yín, mà," ló wí. Julianah kọ ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà, ìyẹn ọjọ́ kejì ìtúnu ààwẹ̀ ọdún náà, ó sì dìde lọ.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, Kàmál fi ọmọ méjìdínlógójì ránṣẹ́, kò sí ọmọ Jánúárì kan nínú wọn. Julianah ra àkàrà fún un, ó tún ra mílíìkì tútù sí i.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ìwàlẹwà, olórí àwọn agbẹ̀bí, dé láti ìsinmi, ó gbọ́ wàhálà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìwé kékeré kan jáde tí àwọn agbẹ̀bí fi ń kọ ìbímọ sílẹ̀ fún ara wọn, èyí tí Julianah rò pé wọ́n ti jó pẹ̀lú ìdọ̀tí. Tayọ̀tayọ̀ ni Julianah gbà á, pé kóun fi wo bóun ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ó ṣí ewé kìíní. Ọjọ́ kìíní Jánúárì, 2009, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Nọ́síràtù. Obìnrin. Kò tún sí orúkọ mìíràn lọ́jọ́ náà.

Ó pe Kàmál. Kàmál ní ó ti bọ́, àfi kí ìyá ọmọ lọ búra ní kóòtù. Julianah pariwo lé e lórí, ó bú kọ̀ǹpútà, ó bú ìjọba, ó bú òrùlé tó ń jò. Kàmál jẹ́ kó parí.

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá," ló wí. "Ṣùgbọ́n Jánúárì lèmi tẹ̀ sí i tẹ́lẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Julianah dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù ilé-ìwé ló ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó kí i káàbọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà, Julianah rí Nọ́síràtù níbi tó jókòó sí, tó dorí kodò sórí fìlà tó ń rán. Ó sọ fún ọmọ náà pé ilé ìgbẹ̀bí n'Íléṣà lòun ti wá, lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí Bushrah.

Ojú ọmọ náà yí padà. "Èmi ni Bushrah, mà. Obìnrin kan láti ibi iṣẹ́ yín wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pe ìyá mi ní òpùrọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bi àwọn aládùúgbò bóyá lóòótọ́ làwọn rántí ọjọ́ táwọn bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni obìnrin náà?"

Èèyàn tí Julianah lè dárúkọ pọ̀. Ó wá wọn lẹ́nu ara rẹ̀, kò rí ẹyọ kan.

"Èmi ni," ló wí.

Bushrah dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó padà wọlé, ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀.