Ajá Tí Mo Rẹ Sínú Ògì

Bí mo bá gbóòórùn ògì tó kan, ajá ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, màá sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Ìsẹ́yìn ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn òyìnbó wá ń la ọ̀nà ọ̀dà ní agbègbè wa. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Òtù ni wọ́n ti gbé mi wá sí agboolé àwọn ahunṣọ, níbi tí ìró òfì ti máa ń jí ènìyàn kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ rẹ̀. N kò tíì bímọ, n kò tíì lọ́rẹ̀ẹ́, ohùn gbogbo àgbà inú ilé ló sì ń dẹ́rù bà mí. Ajá kékeré kan tí ọkọ mi gbà lọ́wọ́ ọdẹ àdúgbò wa ni alábàárò mi. Tanímọ̀la la sọ ọ́.

Ajá onírun jọ̀bọ̀tọ̀ tí òyìnbó ọlọ́nà kan mú wá ni ìyá rẹ̀, ajá ọdẹ náà sì ni bàbá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí kò jọ ìyá, kò sì jọ bàbá. Ó kúrú, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì wọ́lẹ̀. Irun rẹ̀ gan-an ló jẹ́ àrà. Ti òkè le, ó tọ́ bíi ti bàbá rẹ̀. Ti abẹ́, tó fara mọ́ awọ, rọ̀ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. N kò mọ̀ pé oríṣi méjì ni wọ́n nígbà náà. Ohun tí mo rí ni pé bí ọyẹ́ ti dé, tí eruku ń fẹ́, irun ajá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó lẹ́yìn etí àti lábẹ́ apá. Bí mo bá fà á, á ké. Bí mo bá fi omi wẹ̀ ẹ́, kókó náà á tún le sí i. Baba ọkọ mi kò tilẹ̀ fẹ́ rí i sójú, nítorí irun rẹ̀ máa ń fò lọ lẹ̀ mọ́ aṣọ lórí òfì, àti pé Mùsùlùmí tí kì í fi ìmọ́tótó ṣeré ni Baba.

Mo ti kọ́ iṣẹ́ òwú dé àyè kan, mo sì ti ń rò pé mo gbọ́n. Nílé wa, kí a tó ta òwú sórí òfì, a máa ń rẹ ẹ́ sínú ògì gbígbóná tí a pò ṣíṣàn, kó lè le, kó má baà máa lọ́ mọ́ra. Mo wá rò ó pé bí ògì bá ń ṣe é fún òwú, kí ló dé tí kò ní ṣe é fún ajá? Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn àgbà lọ sọ́jà, mo po ògì, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo rẹ Tanímọ̀la sínú rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù, mo sì so ó mọ́lẹ̀ nínú oòrùn. Ó gbẹ lóòótọ́. Ó gan bíi pátákó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ògì náà ti ń rún wálẹ̀ lára rẹ̀, ajá ń họra, adìẹ ń tẹ̀ lé e kiri, wọ́n ń ṣá a jẹ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wolé-wolé wá yẹ ìkòkò omi wa wò. Ó rí ajá tó ń họra, tí nǹkan funfun ń já bọ́ lára rẹ̀, ló bá fà sẹ́yìn.

“Kúrúnà rèé! Á kó o ran àwọn ọmọdé. Bí mo bá padà dé lọ́jọ́ ọjà tí ara rẹ̀ kò yá, pípa ni màá ní kí wọ́n pa á.”

Baba ọkọ mi dá a lóhùn pé, “Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ dúró dọjọ́ ọjà.”

Mo fẹ́ sọ pé ògì ni, ojú kò jẹ́. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi bá mi. Kò sọ̀rọ̀ ajá rárá. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí n bá òun tú irun òun. Mo mú òòyà. Mo fọwọ́ kan di ìdí irun mú kó má baà dun Ìyá, mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, mo ń bọ̀ wá sí ìdí díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá sì dí, mo fi òrí ra á. Lójijì ni ọwọ́ mi dúró. Láti kékeré ni mo ti ń ya irun báyìí, kò sì sí orí tí mo fi ògì tú rí. Irun ló wà lára ajá mi, kì í ṣe òwú!

“Ìyàwó, kí ló dé?”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ajá yẹn kò ní kúrúnà. Ògì ni mo rẹ ẹ́ sí.”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí gèlè tó wà lórí itan rẹ̀ fi já bọ́. Ó ní, “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ gbé òrí mi wá lórí àjà.” Ajá tó rẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ.

Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ògì náà kúrò. Nígbà tó gbẹ tán, mo fi òrí ra kókó kọ̀ọ̀kan, mo fìka yà á, kí n tó ti òòyà bọ̀ ọ́ láti ṣóńṣó. Ẹnì kan ní kí n kúkú fá a kodoro. Mo ní kí ni yóò wá fi bora nínú ọyẹ́? Irun rírọ̀ tó fara mọ́ awọ yẹn ni aṣọ òtútù rẹ̀. Òun náà ló ń ta kókó, torí náà n kò jẹ́ kí irun òkè tàn mí mọ́. Mo ń ya á dé awọ lójoojúmọ́, mo sì kọ́ pé a gbọ́dọ̀ ya irun tán kí omi tó kàn án. Ajá tó ń sá fún mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá dùbúlẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ bó bá ti rí òòyà.

Lọ́jọ́ ọjà, wolé-wolé dé pẹ̀lú kakí rẹ̀ tó le gbagidi àti ọ̀pá rẹ̀. Gbogbo agboolé jáde. Mo kúnlẹ̀, mo gbé Tanímọ̀la síwájú rẹ̀, mo ya irun rẹ̀ sí méjì. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo awọ rẹ̀.” Ó wo ẹ̀yìn, ó wo abẹ́ apá, ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn etí. Kò rí nǹkan kan. Irun ń dán, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Ó bínú pé, “Ta ló wá sọ pé ajá yìí ní kúrúnà?”

Ìyá ọkọ mi fèsì pé, “Ẹ̀yin náà ni.”

Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́! Wolé-wolé pàápàá rẹ́rìn-ín. Baba ọkọ mi yọ fìlà, ó tún un dé, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí ajá ọmọ mi máa gbádùn o.” Ọmọ mi! Baba kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dìde.

Mo ti di àgbà báyìí, mo sì ti borí ọ̀ràn tó ju ti ajá lọ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé mo lè dúró níwájú ẹni tó lẹ́nu jù mí lọ, kí n sì jàre. Tanímọ̀la bá wa gbé títí mo fi bí ọmọ mẹ́ta, ogbó ló sì pa á. Kí ọkọ mi tó gbé e lọ sin, mo ní kó dúró ná, mo mú òòyà, mo ya irun rẹ̀ láti orí dé ìrù. Kò sí kókó kan níbẹ̀.