Ọpọ́n Tí A Fi Wáyà Rán

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo gbọ́ ọ, kẹ́ẹ̀! bí ìgbà téèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná. Ilé Fúnmi ọmọ mi ni, ní Sachse níbí, nílùú òyìnbó, mo jókòó sí pálọ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo mọ ohùn yẹn. Kí n tó yíjú padà ni mo ti sọ fún Tọ́lá, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, pé, "Ọpọ́n bàbá yín ti sán."

Lewisville ni ọkọ Fúnmi ti rà á, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé olóògbé kan. Ọpọ́n igi ni, ó ní ọmọrí, wọ́n sì gbẹ́ ọkùnrin tó gun ẹṣin sórí ọmọrí ọ̀hún. Tọ́lá kà á fún mi lórí fóònù ẹ̀ pé àwọn Dogon, ní ilẹ̀ Mali, ló ń gbẹ́ irú ẹ̀, pé oúnjẹ àwọn àgbà ni wọ́n ń gbé sínú ẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n wá gbé e síwájú ihò tí atẹ́gùn tútù ẹ̀rọ amúlétutù ń gbà wọlé. Atẹ́gùn yẹn gbẹ. Awọ ara èmi gan-an kò gbádùn ẹ̀, ká má tíì sọ ti igi.

Fúnmi yọjú láti kíṣìnì. "Ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé làwọn tó ń kó ìdọ̀tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó bá wọn lọ."

Ọkàn mi ti lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ìyá àgbà wa, ìyá tó bí bàbá mi, ní irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹyẹ ló wà lórí ọmọrí tiẹ̀. Inú ẹ̀ ni gbogbo àwa ọmọ agbo ilé ti ń jẹun. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ àbúrò bàbá mi, ló máa ń jókòó tì mí. Ọwọ́ ẹ̀ yá ju tèmi lọ, àmọ́ tó bá ti mú ẹran, á fà á ya sí méjì, á ju ìdajì síwájú mi bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ju nǹkan.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọpọ́n yẹn sán, ohùn kan náà. Bàbá mi àti bàbá Àbẹ̀kẹ́ ti ń jà lórí ilẹ̀ oko nígbà náà. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ó parí. Kí kálukú máa bọ́ ọmọ tiẹ̀ nínú yàrá tiẹ̀." Àbẹ̀kẹ́ di apá mi mú, ó fún un títí ó fi ń dùn mí.

Ìyá àgbà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń rán igbá. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, igbá tó bá fọ́ láyé ìgbà yẹn, rírán ni wọ́n ń rán an. Ọkùnrin náà fi irin gbígbóná lu ihò sí etí méjèèjì, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó fà á pinpin, ó fi ìda oyin dí ojú ẹ̀. Ìyá àgbà gbé iyán sí i lálẹ́, ó ní, "Ta ló fẹ́ jẹun ní yàrá?" Gbogbo àwa ọmọ na ọwọ́ sínú ọpọ́n. Láti ọjọ́ náà, ojú wáyà yẹn lèmi àti Àbẹ̀kẹ́ ń dù, torí ẹran wẹ́wẹ́ máa ń há síbẹ̀.

Ìjà àwọn bàbá wa ò parí lọ́jọ́ kan o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ṣùgbọ́n a jẹun pọ̀ títí Àbẹ̀kẹ́ fi relé ọkọ. Àwo tánńganran dé lẹ́yìn náà, kálukú gba tiẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti lọ sọ́run. Ọpọ́n yẹn, mi ò mọ ibi tó wọlé sí.

Mo ní kí ọkọ Fúnmi wá wáyà fún mi.

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣáà lu ihò fún mi."

Ó lu ihò, mo rán an. Ojú ẹ̀ wọ́ díẹ̀. Fúnmi wò ó. "Mọ́mì, ó mà burẹ́wà o."

"Ọjọ́ tí mo bí ìwọ náà ńkọ́?"

Nínú ilé yìí, kálukú ló ń gbé oúnjẹ ẹ̀ wọ yàrá. Mi ò bá wọn wí. Mo bu ẹ̀pà sísun sínú ọpọ́n, mo gbé e sáàárín pálọ̀, mi ò pe ẹnì kankan. Tọ́lá ló kọ́kọ́ dé, àbúrò ẹ̀ tẹ̀ lé e, bàbá wọn wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rí i tí Tọ́lá ń fi èékánná yọ èyí tó há sójú wáyà.

Nígbà tí ẹ̀pà tán, Fúnmi ló dìde lọ bu òmíràn wá.