Gómìnà Tó Ń Gbé Ìwé Ọba Lérí

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Don Leandro Zubiri, gómìnà Santa Quiteria, ìlú kan lábẹ́ ọba Sípéènì ní àríwá jíjìnnà, gbé ìwé ọba lérí.

Ọ̀gágun kan ló gun ìbaaka láti Mẹ́síkò wá, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. Iṣẹ́ tí ọba Sípéènì rán an ò gùn: ìlú yẹn ti jìnnà jù, kí gbogbo wọn dẹrù, kí wọ́n máa bọ̀ ní gúúsù. Jacinta, opó tó ń se oúnjẹ fún gómìnà, gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ife ṣokoléètì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ìbaaka wo ló fẹ́ ru ìyẹn?

Don Leandro dìde. Èèyàn kúkúrú ni, ikùn rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Ó gba ìwé náà, ó kúnlẹ̀, ó fẹnu kò ó, ó gbé e lé orí irun àtọwọ́dá rẹ̀, bí àṣà ti wí.

"Ọ̀rọ̀ ọba ni, mo tẹríba fún un," ó wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é."

"Kí lẹ wí?"

"Òfin ọba fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, bí àṣẹ kò bá bá ìlú mu. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ọba ò wọ bàtà wa rí. Jókòó, kí o jẹun."

Ọ̀gágun jẹ ọbẹ̀ àgùntàn Jacinta, ata pupa inú rẹ̀ sì mú un da omi lójú. Nígbà tó padà délé, ó ní ìyà tó ń jẹ àwọn ará ibẹ̀ ti tó, kí ọba má wulẹ̀ fi kún un.

Irun àtọwọ́dá yẹn náà ní ìtàn. Olórí àwọn Komanṣe, àwọn ẹlẹ́ṣin tó máa ń kógun ja ìlú náà, wá bá gómìnà ṣe àdéhùn àlàáfíà. Wọ́n fún un ní ọ̀bẹ, ó mirí. Wọ́n fún un ní ṣúgà, ó mirí. Ó wá nawọ́ sí irun.

"Orí mi nìyẹn," ni Don Leandro wí.

"Orí yín wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ò wù mí."

Wọ́n dúnàá-dúrà títí oòrùn fi wọ̀, kí gómìnà tó ṣí i fún un. Orí rẹ̀ ń dán. Jacinta tó ń bu ẹ̀wà ní, "Ẹni tó lórí ò ní fìlà mọ́." Gómìnà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, olórí náà dé irun yẹn wọ̀lú. Aṣọ́bodè tójú rẹ̀ ti ń ṣú rò pé gómìnà ni, ó kí i, ó sì tọrọ ààyè kó lọ wo ìyá rẹ̀. Olórí ní kó máa lọ, kó má kánjú. Nígbà tí Don Leandro gbọ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pè é padà, gómìnà ti fọwọ́ sí i.

Láti ìgbà náà, bí gómìnà bá gbé ìwé ọba lé orí rẹ̀ tó ń dán, ńṣe ló ń yọ̀ bọ́. Jacinta ló ń bá a dì í mú.

Ìyẹn ni Jacinta fi mọ ìṣe náà. Nígbà tí inú ń run gómìnà, tí àlùfáà ní kó jìnnà sí ata, gómìnà kọ ọ́ sí ìwé pé kí Jacinta fi ata sí ọbẹ̀ òun. Obìnrin yìí kúnlẹ̀, ó fẹnu ko ìwé, ó gbé e lérí.

"Mo tẹríba, ọ̀gá. Mi ò ní ṣe é."

"Ta ló kọ́ ẹ nírú ìyẹn?"

"Ẹ̀yin mà ni."

Gómìnà jẹ ọbẹ̀ aláìláta náà tán, ó ṣu ẹnu jọ bí ọmọdé.

Nínú òtútù ọdún yẹn ló kú. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ Jacinta ni wọ́n gbẹ́lẹ̀ sí fún un. Àlùfáà ka àṣẹ tó fi sílẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má sunkún, ilẹ̀ yìí gbẹ, kí wọ́n má fomi ṣòfò.

Jacinta gba ìwé náà. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó fẹnu kò ó, ó gbé e lérí, ó sì dì í mú dáadáa bó ṣe máa ń bá a dì í.

"Àṣẹ gómìnà ni," ó wí. "A tẹríba fún un."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ èyí tó kù. Jacinta la ẹnu kó parí rẹ̀. Ẹkún ló bá a parí rẹ̀, àwọn yòókù sì gbè é.